Ọjọ́ Tí A Fọ Ilé Òjìjí

Ní ilé fọ́tò ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Gàríkì, àwọn oníbàárà kì í kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ẹja ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Wọ́n á tẹ iwájú orí mọ́ gíláàsì, wọ́n á ní, "Ṣọ́jà, ṣé dáadáa lo jí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó yíjú sí wa.

Òjìjí ni ẹja náà. Ó sanra bí apá àgbàlagbà, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n sì yí ẹnu rẹ̀ ká. Ẹni tí ó bá ti ọwọ́ bọ omi rẹ̀ nígbà tí inú ń bí i, bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé ènìyàn ni. Kò sì sí ìgbà tí inú kì í bí i. Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja odò Gùrárà ni Ẹ̀gbọ́n Sàkáríyà ti rà á nígbà tí kò tíì ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n kó ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn tì í kí ó má baà dá nìkan wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Ṣọ́jà ti pa gbogbo wọn. Ó jẹ èyí tó wù ú níbẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí a lè rí wọn. Ọjọ́ yẹn ló gba orúkọ.

Ọdún 1988 ni mo ń sọ. Ìlú Àbújá ṣì ń ti inú ilẹ̀ pupa jáde bọ̀ nígbà náà, káàkiri ni wọ́n ti ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá sì rí iṣẹ́ a fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sílé pé òun kò sọnù. Àwòrán lásán ò tó wọn. Wọ́n fẹ́ èyí tí àwọn ará ilé á fi pariwo. Ẹ̀gbọ́n á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì, oníbàárà á jókòó, á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, Ṣọ́jà á sì máa wò ó láti ẹ̀yìn bí ọ̀gá ọlọ́pàá. Kò sí ilé fọ́tò mìíràn ní Gàríkì tí ó ní irú rẹ̀.

Èmi ni mo ń gba oníbàárà wọlé, èmi náà ni mo ń gé etí fọ́tò tí mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Òjó, ọkọ mi, ń ri páìpù omi mọ́lẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé ní Life Camp. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, yàrá páànù la gbà ní Kárù. Mo rántí ọyẹ́ ọdún yẹn, ó la ètè wa títí tí a kò fi lè rẹ́rìn-ín. Mo rántí garawa omi kan tí mo dúró dè lẹ́yìn ọkọ̀ omi láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí, tí ọkùnrin kan tó ń sáré fi ẹsẹ̀ gbá dànù nígbà tí mo rù ú dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò bẹ̀ mí. Bàtà aláwọ̀ búráwùn ló wọ̀, okùn ẹsẹ̀ òsì ti já. Ẹ̀gbọ́n ló mú mi kúrò nínú ìyẹn. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, o mọ̀wé, wá jókòó síbi tó tutù." Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ilé fọ́tò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lójú mi.

Nígbà tí Ṣọ́jà ṣì kéré, àwọ̀n ni Ẹ̀gbọ́n fi ń kó o jáde bí wọ́n bá fẹ́ fọ ilé rẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó sọ àkúfọ́ ìkòkò kan tó wà nísàlẹ̀ omi di yàrá. Òjìjí kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán, inú ìkòkò yẹn ló máa ń wà. Ẹ̀gbọ́n wá rò ó pé kí àwọn gbé ìkòkò náà tẹja-tẹja, kí àwọn gbé e sínú abọ́, kí àwọn fọ gíláàsì, kí àwọn sì dá a padà. Èrò náà dára. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, wọ́n rọra gbé ìkòkò, wọ́n yí padà.

Ìgbà yẹn ni Mùlíkàt wọlé. Ọmọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni, ará Ṣakí, obìnrin tó ti bímọ, tó ní òun fẹ́ mọ iṣẹ́ fọ́tò kí òun padà lọ ṣí tòun. Ìdí omi ló ti ń bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tutù. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ tó gbé ẹrù dání.

"Háà, ọ̀gá! Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé ẹrù, èmi wà láyé? Ẹ kó o wá!"

Kí Ẹ̀gbọ́n tó lanu, ó ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìkòkò. Ọmọ tí a kọ́ nílé kò lè ṣe ohun mìíràn. Ṣọ́jà gbé e. Mùlíkàt fò sẹ́yìn, ó lọ lẹ̀ mọ́ aṣọ ìkélé tí a ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Ìkòkò fọ́ yángá. Ẹja ń jà lórí sìmẹ́ǹtì, Ẹ̀gbọ́n sì ń fi pákó tì í títí wọ́n fi rí i gbé padà sínú omi. Apá Mùlíkàt kú tipiri títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò rí ẹrù náà gbà tán."

Onílé wa, Alhaji Yàkúbù, tó ní àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta wẹ́wẹ́, gbọ́ ariwo, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ wá. Ará Ìlọrin ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti pẹ́ lókè ọya.

"Kai! Sàkáríyà, ẹja lo ní o ń sìn, àbí ẹ̀rọ NEPA? Ìyá mi ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ mi. Bí nǹkan yìí bá tún gbé ẹyọ ẹnì kan nínú ilé mi, ọjọ́ náà ló máa di ọbẹ̀. Mo ti sọ ọ́."

"Mo ti gbọ́, Alhaji."

"Ọbẹ̀ ata gidi!" Wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kan àpótí yẹn mọ́. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, kò ní í gbé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n omi kò dúró de ìbẹ̀rù. Ó kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ló wá di ewéko, ó ń rùn. Ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè omi lọ́sàn-án gangan, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Oníbàárà kan tẹ ojú mọ́ gíláàsì títí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹja ló wà níbí ni, àbí ilá lẹ sè?" Iléyá kù díẹ̀. Ọdún ni àwọn ènìyàn máa ń wọ aṣọ tuntun wá ya àwòrán, Ṣọ́jà ni wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn ayàwòrán mìíràn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò kú. Bí a bá fọ ilé rẹ̀ tí ó tún gbé ènìyàn, yóò kú náà.

Mo gé fọ́tò, mo rò ó. Mo lẹ fọ́tò, mo rò ó. Ẹja kò ṣẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n kò gbọ̀n. Ìbọ̀wọ́ wọn kò lu. Ẹ̀kọ́ ilé ló da ìkòkò nù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí èrò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fọ ilé Ṣọ́jà."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ? Kí n wá sọ kí ni fún Òjó?"

"Ẹ sọ fún un pé mo fọ abọ́. Abọ́ náà ni, ẹnì kan kàn ń gbé inú rẹ̀ ni."

"Bó bá ṣe pé ó ṣeé fọ̀, ṣé èmi ò ní í fọ̀ ọ́?"

"Bí ẹ̀yin bá gbé e, Mùlíkàt á tún sáré wá gbà á."

Mùlíkàt dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. "Èmi? Láé! Ọ̀gá ì báà ru gbogbo ilé yìí lérí, mi ò ní í gbà á!"

Mi ò bá a jiyàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àga yẹn sún síwájú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan àga. Mùlíkàt ti gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó gbé e dání ní àárín ilé, ó wò ó, ó wò mí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, èyí tí a kò tíì rí láti ìgbà tí ìkòkò ti fọ́.

"Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni èmi," ni mo wí. "Ta ní í gba ẹrù lọ́wọ́ ìyàwó?"

"Òótọ́ ni," ni Mùlíkàt dáhùn. "Tiwọn ni wọ́n á tún gbé lé e lórí."

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àpótí gíláàsì. "Ìbídùnní, bó bá tún gbé ènìyàn, ó parí nìyẹn o."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Kò ní í gbé ẹnikẹ́ni."

Mo bẹ Òjó kí ó bá mi wá àgékù páìpù rọ́bà funfun tó nípọn, èyí tí wọ́n fẹ́ kó dànù níbi iṣẹ́ wọn. Olùkọ́ wa ní ilé ìwé alẹ́ ní Ìlọrin ti sọ fún wa pé rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá, ṣùgbọ́n amọ̀ tó ti mu omi yó kò lè dá iná dúró. Mo fi òkúta ha ẹnu páìpù náà kí ó má baà gé Ṣọ́jà lára, mo fi igi tì í sínú omi, mo sì fa àwọn àpáàdì ìkòkò tí Ẹ̀gbọ́n ti dá padà sínú omi jáde. Ṣọ́jà bínú. Ó fi orí gbá páìpù, ó yí i ká, ó kọ̀yìn sí i. Mi ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí oorun ọ̀sán dà á láàmú tó, ó wọlé síbẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń rí irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan lẹ́nu páìpù, bí bàbá àgbà tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo gé sìlípáàsì rọ́bà àtijọ́ roboto, mo fi ṣe ìdérí fún ẹnu páìpù méjèèjì, mo sì so okùn ọ̀rá gígùn mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Mo ra bàfù rọ́bà tuntun, nítorí pé àwọn abọ́ tó wà nílé ti mu oògùn fọ́tò, ìyẹn sì lè pa ẹja. Omi ẹ̀rọ náà ní oògùn tirẹ̀. Mo pọn ọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, mo ṣí i sílẹ̀ kí oògùn náà fò lọ. Òjó wo gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Tí ó bá gbé ẹ, má pè mí. Mi ò ní í fọwọ́ kàn ẹ́."

"Ìyẹn gan-an ni kí o ṣe," ni mo wí fún un. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Sátidé tó ṣáájú Iléyá la mú. Oòrùn ti là dáadáa. Mo yọ wáyà gílóòbù tó wà lókè àpótí kúrò lára ògiri. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga oníbàárà, kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kí wọ́n má ṣe mú nǹkan kan dání, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n jókòó bí ẹni tí a fẹ́ yà. Mùlíkàt dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ gbígbẹ sábẹ́ ìborùn rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé," ni mo wí.

"Àfi bí mo bá kú."

Mo wọ ìbọ̀wọ́ tó dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi họ́ọ̀sì fa omi jáde sínú bàfù láìfi ẹnu fà á: mo rọ omi kún un kí n tó ti ẹnu rẹ̀ kan bọ inú àpótí. Mi ò fa gbogbo omi tán. Díẹ̀ nínú omi àtijọ́ gbọ́dọ̀ kù fún ẹja kí ara rẹ̀ má baà kọ tuntun. Nígbà tí omi kù díẹ̀ kó jẹ́ kí ẹ̀yìn páìpù yọ, mo fi igi ti ìdérí kan sí ẹnu rẹ̀, mo ti èkejì. Ṣọ́jà gbá ògiri yàrá rẹ̀ látinú. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e sókè ní ìbú. Ó wúwo bí ọmọ tuntun, ó sì ń ta bí ọmọ tuntun. Mo yí padà sí bàfù.

"Salamu alaykum!"

Ohùn àgbàlagbà obìnrin ni. Ìyá Àsíátù, ìyá onílé, ti dé láti Ìlọrin, Alhaji sì ń mú wọn káàkiri ilé. Ta ló lè sọ fún ìyá onílé pé kí wọ́n má wọlé? Mùlíkàt ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá!" Ẹ̀gbọ́n ti fò kúrò lórí àga, wọ́n ti fi àyà lélẹ̀. Ìyá tín-ínrín onígèlè funfun náà kọjá láàárín àwọn méjèèjì, wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ orúnkún yẹn, kì í bi mí kó tó lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀, páìpù yóò da orí kodò, ẹja àti omi yóò fi gbogbo ara ti ìdérí kan, omi yóò sì ṣàn gba orí ìbọ̀wọ́ bọ́ sí apá mi. Ọ̀pá Ìyá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀ mi.

Mo na orúnkún mi padà. Mo dúró ṣánṣán.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ má bínú, orí ìdúró ni mo ti ń kí yín."

Ẹ̀gbọ́n gbé orí sókè láti ilẹ̀, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí.

Ìyá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sàkáríyà, ta ni ẹni tó ń kí mi bí ọlọ́pàá yìí?"

"Ìyàwó àbúrò mi ni, mà."

"Ìyàwó! Ṣé bí wọ́n ṣe gbé e wá nìyẹn, láìní orúnkún?"

"Kai, obìnrin yìí!" Alhaji ti gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá kọjá, wọ́n na ọwọ́ síwájú. "Gbé pàǹtí yẹn wá, kí o kúnlẹ̀ kí ìyá mi!"

Mi ò pariwo mọ́ àgbà rí láyé mi. Mo pariwo lọ́jọ́ náà.

"Alhaji, ẹ dúró níbẹ̀! Ṣọ́jà ló wà nínú rẹ̀!"

Alhaji fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rìn dé ìdí bàfù, mo rọra gbé páìpù sínú omi àtijọ́ tó wà níbẹ̀, mo fi pákó bò ó, mo gbé òkúta lé e. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo nu ọwọ́ mi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo wá padà, mo kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú Ìyá, mo kí wọn kú àbọ̀, mo kí wọn kú ìrìn, mo bèèrè àwọn ará Ìlọrin, mo kí wọn kú ọdún tó ń bọ̀. Mi ò fo ọ̀kankan.

Ìyá gbọ́ ọ tán. "Ṣé òjìjí tí mo gbọ́ pé ó gbé obìnrin kan nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá."

"Èmi nìyí, mà," ni Mùlíkàt wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Bí o bá ti kúnlẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?"

"Omi rẹ̀ á ti ṣàn sí mi lápá, Ìyá. Ọwọ́ mi lè já a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ló sì sún mọ́ ọn jù lọ."

Ìyá wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n wo bàfù. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn.

"Yàkúbù, ṣé o gbọ́? O fẹ́ kí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ pa mí."

"Ìyá, mi ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ̀, o sì na ọwọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé létí odò Àsà, ẹni tó bá gbé òjìjí, ọ̀nà la máa ń yà fún un. A kì í dá a dúró kí ó wá kí wa." Wọ́n fi ọ̀pá kàn mí léjìká fẹ́ẹ́rẹ́. "Dìde, ìyàwó. Lọ parí iṣẹ́ rẹ. Sàkáríyà, dìde nílẹ̀, kí n rí àga rẹ jókòó."

Níṣojú wọn ni mo ti ṣe ìyókù. Mo fi kànrìnkàn tuntun fọ gíláàsì, láìlo ọṣẹ, títí tí ewéko fi kúrò ní gbogbo igun. Mo fi omi àtijọ́ ṣan àwọn òkúta ìsàlẹ̀. Mo rọra bu omi dúrọ́ọ̀mù sí i. Ìyá ń bi mí ní ìbéèrè, mo sì ń dá wọn lóhùn. Kí ló dé tí kò sí ọṣẹ? Ọṣẹ á pa á, Ìyá. Kí ló dé tí o kò da gbogbo omi nù? Omi tuntun pátápátá á ṣe é bí àjèjì. Nígbà tí mo tún wọ ìbọ̀wọ́ tí mo gbé páìpù dìde, Ìyá fúnra wọn ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, wọ́n ní, "Ẹ yà fún un." Alhaji ló kọ́kọ́ yà.

Mo tẹ́ páìpù sí ìsàlẹ̀ omi, mo dé ọmọrí àpótí kí n tó fa okùn méjèèjì láti ìta. Ìdérí bọ́. Irùngbọ̀n yọ, lẹ́yìn náà ni orí yọ. Ṣọ́jà wẹ̀ jáde sínú omi tó mọ́ gaara, ó yí ilé rẹ̀ ká bí onílé tó ń wò ó bóyá wọ́n jí nǹkan òun, ó wá fi ìrù lu gíláàsì níwájú Alhaji.

"Ṣé ó gbé ẹnikẹ́ni lónìí?" ni Ìyá bèèrè.

Alhaji họ irùngbọ̀n. "Kò gbé ẹnikẹ́ni, Ìyá."

"Kí ni mo gbọ́ pé o ní o fẹ́ fi í sè?"

"Àwàdà ni mo ń bá Sàkáríyà ṣe."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wá dúró lẹ́yìn mi, kí wọ́n yà wá pẹ̀lú ẹja. Ìyàwó, ìwọ náà máa bọ̀. Má kúnlẹ̀ o! Bí o ṣe dúró nígbà tí o ń kí mi ni mo fẹ́."

Mo lọ dúró lápá ọ̀tún wọn, ṣánṣán. Ṣọ́jà wà láàárín èmi àti Alhaji. Ẹ̀gbọ́n wo inú kámẹ́rà, wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ kò dé ojú Ìyá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ̀pá iná súnmọ́ wa.

"Háà, ọ̀gá!" Mùlíkàt ti sáré dé ibẹ̀. Ó dúró lójijì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó nù wọ́n mọ́ ìró, ó tún wò wọ́n. Ó wá na wọ́n síwájú.

"Ẹ kó o wá, ọ̀gá," ló wí.